Ọjọ́ Mẹ́rin Nínú Omi

Àpáta kan wà lẹ́yìn ilé wa ní abúlé, lọ́nà Odẹ́dá, tí ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bàtà gùn. Èèyàn lè fi bàtà wọ yàrá rẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi bàtà tẹ àpáta yẹn, ibi yòówù kí ìyá mi wà ni ohùn rẹ̀ á ti dún. Orí rẹ̀ ló ń sá láfún sí. Tí ọyẹ́ bá ti mú, tí oòrùn sì ràn lọ́sàn-án, ẹni tó bá ti ọ̀nà oko ń bọ̀ á rò pé wọ́n ta aṣọ àlà sórí òkúta. Àwa ọmọ la máa ń jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, tí a ń lé adìẹ àti ewúrẹ́. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ tí màá fi jẹun.

Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta kò nílò kí n ṣàlàyé láfún fún un. Àwọn ará ibòmíràn a máa fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á ní oúnjẹ Ẹ̀gbá kò ju láfún lọ. Kò dùn wá. Ẹni tó bá ti jẹ àmàlà láfún gbígbóná pẹ̀lú ewédú àti ẹja rí kò ní bá wa jiyàn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ìyá mi á bó ẹ̀gẹ́, á gé e, á kó o sínú àgbá, á bu omi lé e. Ọjọ́ mẹ́rin ló ń lò nínú omi. Bí òtútù bá pọ̀, ó lè di márùn-ún, nítorí òtútù kì í jẹ́ kó tètè rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, á ti ọwọ́ bọ àgbá, á mú ẹyọ kan, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bó bá rọ̀ dénú, tí igi àárín rẹ̀ sì fà yọ bí òwú tó ń yọ lára aṣọ, á ní ó ti tó. Bí kò bá tíì rọ̀ dénú, á dá a padà, á sì de àgbá.

Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí èèyàn lè bẹ̀ ẹ́ lórí ìyẹn. Mo rántí ọjọ́ kan tí àwọn aláròóbọ̀ láti Làfẹnwá wá bá a nílé, owó wà lọ́wọ́ wọn, ọjà ti fẹ́ ná, wọ́n ní kó kó ti àgbá kejì jáde, pé ọjọ́ méjì ti tó. Ó ní kí wọ́n máa gbé owó wọn lọ. Owó ilé ìwé wa wà nínú owó náà, èmi sì mọ̀ ọ́n. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà.

Ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Mo wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, nígbà tí a ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìsàlẹ̀ Ìgbẹ̀in, kí wọ́n tó kó lọ sí Àlàbàtà. Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ni mo yàn. Ọjọ́ tí olùkọ́ wa kọ́ wa nípa májèlé inú ẹ̀gẹ́ kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ó ní nǹkan kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tó ń jẹ́ linamarin, èròjà mìíràn sì tún wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà tó lè tú linamarin yẹn palẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá ṣì wà lódidi, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn méjèèjì ń gbé. Ìgbà tí a bá rin ín, tàbí tó bá rọ̀ nínú omi, ni ògiri tó là wọ́n láàárín á wó. Wọ́n á pàdé, májèlé tó ń jẹ́ sáyánáídì á sì jáde, á bá omi lọ, á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tó ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí àti ẹni tó ń rẹ ẹ́ fún láfún, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Èyí tí a kàn gé tí a sá sóòrùn láì rin, láì rẹ, ògiri rẹ̀ kò wó tán, májèlé púpọ̀ ló ṣẹ́ kù sínú rẹ̀.

Mo jókòó, mò ń wo pátákó, ìyá mi sì ni mò ń rí. Ó ti ń wó ògiri yẹn kí wọ́n tó bí mi. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti wó tán.

Ó yẹ kí n ti kọ́ ọgbọ́n lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mi ò kọ́ ọ. Ìwé ni mo gbà pé ó mọ̀. Mo rò pé ìyá mi kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

Lọ́dún 2003, mo rí iṣẹ́ àdéhùn ọdún méjì ní Màláwì. Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lápá àríwá orílẹ̀-èdè náà, kí n sì máa gba iṣẹ́ àkànṣe kan nímọ̀ràn lórí ẹ̀gẹ́. Ìyàn ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú níbẹ̀ ní 2002 ni. Àgbàdo ni oúnjẹ wọn, nsima ni wọ́n ń pe òkèlè rẹ̀. Àgbàdo kò ṣe dáadáa, oúnjẹ inú àká tán, ebi pa èèyàn kú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń rán wa níṣẹ́ fi kọjú sí ẹ̀gẹ́, tó lè fara da ọ̀dá. Ṣùgbọ́n ní Nkhata Bay, létí Adágún Màláwì, ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun tuntun. Òun ni wọ́n ti ń jẹ tipẹ́tipẹ́.

Ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ láti Mzuzu lọ síbẹ̀, ó ń yí kiri láàárín òkè, lójijì ni omi yọ síni. Adágún náà fẹ̀ bí òkun. Àpáta wà létí rẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́ta sì ń tẹ́ ẹ̀gẹ́ rírẹ̀ sórí àpáta. Mo ní kí awakọ̀ dúró. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ ni òórùn yẹn gbá mi nímú, òórùn àgbá ìyá mi gan-an, omijé sì bọ́ lójú mi. Kondowole ni wọ́n ń pe òkèlè tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun rẹ̀ rò. Ó le ju àmàlà láfún lọ, ó sì ń fà. Ẹja wẹ́wẹ́ inú adágún tó ń jẹ́ usipa ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà bí ẹni tó délé.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, nígbà tó di ọ̀rọ̀ iṣẹ́, mo gbàgbé pé mo délé.

Ẹ̀gẹ́ kíkorò ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń gbìn lágbègbè náà. Kíkorò rẹ̀ túmọ̀ sí pé májèlé rẹ̀ pọ̀. Iṣẹ́ àkànṣe tí mò ń gbà nímọ̀ràn fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ dídùn rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí èèyàn lè sè jẹ bí iṣu láì rẹ ẹ́. Lójú tèmi, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. A ṣe ìpàdé lábẹ́ igi máńgòrò, nǹkan bí ogójì obìnrin ló wá. Mo sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Tonga. Mo ya àwòrán sójú pátákó, mo fi nọ́ńbà hàn wọ́n. Nígbà tí mo parí, mo ní kí wọ́n béèrè ohun tó bá rú wọn lójú. Ìyá kan tó jókòó sẹ́yìn dìde, ó ti lé ní 60 ọdún. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní, "Wọ́n ní ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?"

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní, "Ẹ sọ fún Màmá pé àwa ni. Oṣooṣù la ó máa wá bẹ̀ ẹ́ wò."

Kẹ́kẹ́ pa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá náà jókòó. Ó gba igi ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ wa bíi ti àwọn yòókù, ó sì gbìn ín sí ìdajì oko rẹ̀, nítorí pé àlejò ló bẹ̀ ẹ́.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Ká ní mo kàn fi ìbéèrè kan lé tirẹ̀ ni, ká ní mo ní, "Màmá, lọ́wọ́ kí ni ẹ fẹ́ ká ṣọ́ ọ?", gbogbo rẹ̀ ì bá yé mi kí oòrùn tó wọ̀. Kò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, etí rẹ̀ á ti di.

Ẹ̀gẹ́ náà ta dáadáa. Lọ́dún kejì, nígbà tó kù díẹ̀ kí òjò tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ìyá náà ń pè mí. A rìn lọ sí oko rẹ̀, ó jìnnà sílé, ó tó ìrìn ogójì ìṣẹ́jú. Níbi tí ẹ̀gẹ́ dídùn wà, ihò lásán ló kù. Ìmàdò ti hú u lóru, pátákò wọn wà nínú yẹ̀pẹ̀ bíi pé ẹnì kan fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Igi ẹ̀gẹ́ dùbúlẹ̀ káàkiri, ewé rẹ̀ ti rọ. Mo ṣa àjẹkù kan nílẹ̀, eyín ọ̀bọ hàn lára rẹ̀. Níbi kan, wọ́n wa ebè náà dáadáa, wọ́n sì da yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ padà kó tẹ́jú. Èèyàn ló wa ìyẹn. Lápá kejì oko, ẹ̀gẹ́ kíkorò dúró digbí, ohunkóhun ò fọwọ́ kàn án.

Kò bínú sí mi. Ó ní kí n jókòó, ó fún mi lómi mu. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ mi túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, kíkorò rẹ̀ ló ń bá mi ṣọ́ oko lóru."

Ẹ̀gẹ́ dídùn ò ṣàjèjì sí i. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, wọ́n ń gbin díẹ̀ sẹ́yìnkùlé, níbi tí ajá àti ọmọdé wà, kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ lọ́sàn-án. Oko jíjìn ni ti kíkorò. Ohun tí mo pè ní ewu ni wọ́n ń fi ṣe ọgbà. Májèlé náà kò sì pa wọ́n, nítorí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń lé e jáde. Ìyá náà ta ewúrẹ́ méjì lọ́dún yẹn kó tó lè ra àgbàdo tó jẹ dé ìgbà ìkórè. Owó oṣù tèmi wọlé lóṣù náà bó ṣe ń wọlé. Mo mú owó ewúrẹ́ náà lọ fún un. Ó gbà á, ó ní "yewo", ìyẹn ni pé ó dúpẹ́, ó sì kó agbọ̀n ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kan fún mi, èyí tó korò. Mi ò mọ ibi tí n óò fojú sí.

Nínú ìròyìn tí iṣẹ́ àkànṣe náà kọ lọ́dún yẹn, iye igi ẹ̀gẹ́ tí a pín ló wà níbẹ̀. Iye tí ìmàdò jẹ kò sí níbẹ̀. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹni tó gbà á dáhùn pé ìyẹn kò sí lára ohun tí wọ́n ní ká máa kà. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ti oko yẹn dé, mo tẹ ìyá mi láago. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ìlà ti já. Ó wá ní, "Oko ẹ̀yìn odò tí bàbá rẹ ń dá, irú ẹ̀gẹ́ wo lo rò pé ó wà níbẹ̀?"

Kíkorò ni. Dídùn wà lẹ́yìn ilé, níbi tí a ti ń lé ewúrẹ́. Mo gbé inú rẹ̀ dàgbà, mo gba oyè lórí rẹ̀, mi ò rí i.

Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi, mo lọ kí ẹbí wa kan ní Aké, mo sì rọra ń rìn ládùúgbò náà. Ó wá sí mi lọ́kàn pé àwa Ẹ̀gbá náà ti jókòó síbi tí ìyá yẹn jókòó sí rí. Láàárín 1850 sí 1860, Thomas Clegg, oníṣòwò ará Manchester, bá àwọn oníwàásù ṣe é, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tó ń yọ kóró òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n gbin òwú fún títà. Ní 1859, Martin Delany àti Robert Campbell ti Amẹ́ríkà dé, nígbà tó di December, wọ́n bá Aláké àtàwọn olóyè Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé kí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà wá tẹ̀ dó síbí, kí wọ́n fi ọgbọ́n tí wọ́n ní nípa òwú bá wa ṣe. Àdéhùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òwú gbówó lórí nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ogun parí ní 1865, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Mi ò sọ pé èrò burúkú ló gbé wọn wá. Ọkàn mi tilẹ̀ fà mọ́ Delany, ẹni tó ń wá ilẹ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀ tí wọ́n sọ di ẹrú. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó òwú já, ẹni tó gbìn ín ló kù nídìí rẹ̀. Ti àwọn tó ti Brazil padà wá sí etíkun wa lọ́rùndún kan náà yàtọ̀. Àwọn ni ìtàn kà sí pé wọ́n mú kí ọgbọ́n gàrí ràn káàkiri ilẹ̀ wa. Wọn ò kọ́ni kí wọ́n tún wọ ọkọ̀ ojú omi padà. Wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹ gàrí náà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n kọ́. Bí gàrí bá kan, ẹnu tiwọn náà ló kan.

Mo padà sí Màláwì, mo tún àdéhùn mi ṣe. Ọdún 11 ni mo lò níbẹ̀ lápapọ̀.

Howard Bradbury àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Orílẹ̀-Èdè Ọsirélíà, ní Canberra, ti ṣe ohun èlò kékeré kan tí ẹni tí kò ní ilé ìwádìí ńlá lè fi wọn sáyánáídì inú ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́. Èèyàn á bu ìyẹ̀fun bíńtín sínú ìgò ike, á fi omi díẹ̀ sí i, á so pépà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ìyeyè rọ̀ sínú rẹ̀, á dé e pa di ọjọ́ kejì. Bí sáyánáídì bá ti ń jáde ni pépà á máa kúrò ní àwọ̀ ìyeyè, á máa lọ sí àwọ̀ kòkó. Ìwọ̀n tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ fọwọ́ sí nínú ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ni mílígíráàmù 10 nínú kílò kan.

Mo kó ìgò wọ̀nyẹn lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan. Mo ní kí kálukú bu ìyẹ̀fun ilé rẹ̀ wá, kó sì sọ ọjọ́ tó lò nínú omi fún wa. Obìnrin 26 ló bu tiwọn wá. A tò wọ́n sórí tábìlì ilé ìwé kan, a tilẹ̀kùn. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé. A ń gbé ìgò sókè níkọ̀ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀. Pépà ti ìyá yẹn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí àwọ̀ padà. Ó wò ó, ó mi orí bí ẹni tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò nínú omi. Ọ̀pọ̀ ló rí bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n pépà inú ìgò kan, èyí tí a kọ nọ́ńbà 17 sí lára, ti pọ́n bí àwọ̀ kòkó.

Obìnrin tó ni ín kò tíì pé 25 ọdún, ó pọn ọmọ. Ọjọ́ kan péré ló rẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Kò pẹ́ tí ó fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀: oúnjẹ ti tán nílé, àwọn ọmọ ń sunkún, kò sì lè jókòó ti omi fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí wọ́n rán mi wá ṣe. Àrùn kan wà tó ń jẹ́ konzo. Lédè àwọn Yaka ní ilẹ̀ Kóńgò, ó túmọ̀ sí pé wọ́n de ẹsẹ̀ èèyàn. Ẹsẹ̀ méjèèjì á rọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní sàn mọ́. Ní 1981, nígbà ọ̀dá, ó kọlu èèyàn tó lé ní 1,000 ní ìpínlẹ̀ Nampula ní Mòsáńbíìkì, àwọn ìyá àtàwọn ọmọ ló pọ̀ jù. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò níbẹ̀. Ọ̀dá ló mú májèlé rẹ̀ pọ̀ sí i, ebi sì gé ọjọ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ kù. Nǹkan tó fara jọ ọ́ ti ṣẹlẹ̀ nílé wa náà: Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ṣe ìwádìí ní Òsósà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, láàárín 1960 sí 1970, lórí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó sì tọ ipa rẹ̀ dé ìdí ẹ̀gẹ́ tí a kò tọ́jú tó.

Nítorí náà, a ò fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́ tó wà lóko mọ́. Ọjọ́ la ń wá. Bradbury yìí náà ti rí i pé bí èèyàn bá po ìyẹ̀fun mọ́ omi, tó tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ sórí ẹní tàbí atẹ, kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tó fi sílẹ̀ fún wákàtí méjì nínú oòrùn tàbí márùn-ún níbòji, èyí tó pọ̀ jù nínú sáyánáídì tó kù á fò lọ, á sì rò ó jẹ lọ́jọ́ náà. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ìyá tó ta ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ dán an wò, kì í ṣe nítorí tirẹ̀, nítorí obìnrin tó ni ìgò 17 ni. Ilé rẹ̀ ló gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú atẹ lórí.

Ní kíláàsì, mo yí ọ̀nà tí mò ń gbà kọ́ni padà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mò ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí wọ́n lọ kọ bí ìyá tàbí ìyá àgbà wọn ṣe ń ṣe ẹ̀gẹ́, kí wọ́n sì kọ ìdí tó fi ń ṣe ohun kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan kọ gbólóhùn kan ṣoṣo wá: ìyá mi ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi. Mo dá a padà fún un, mo ní kó lọ béèrè. Lẹ́yìn ìsinmi, ojú ìwé 11 ló mú wá, ó sì ní, "Mi ò mọ̀ pé ìyá mi mọ gbogbo èyí, Mà." Mo ní èmi náà ò mọ̀.

Mo máa ń sọ ìtàn kòkòrò funfun fún wọn pẹ̀lú. Kòkòrò yẹn dé Kóńgò ní nǹkan bí 1973, ó ń mu omi ara ẹ̀gẹ́ títí orí rẹ̀ á fi wú jọ tí á rọ, ó sì gba ilẹ̀ Áfíríkà kọjá kó tó dé etí adágún yẹn láàárín 1980 sí 1990. Àwọn ìyá Nkhata Bay rántí rẹ̀ dáadáa, wọ́n ń fi ka ọdún. Hans Herren àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA, ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn kan n'Íbàdàn, kò sáré sí oògùn. Wọ́n ní ẹ̀gẹ́ ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, ibẹ̀ ni kòkòrò náà ti wá pẹ̀lú, kí ló ń jẹ ẹ́ nílé rẹ̀ tí kò fi pọ̀ níbẹ̀? Ní 1981, Anthony Bellotti, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn kan ní Kòlóńbíà, rí i ní Parágúwè, wọ́n sì rí agbọ́n kékeré kan tó ń yé ẹyin sínú ara rẹ̀. Wọ́n kó o wá s'Íbàdàn, ibẹ̀ ló ti tàn káàkiri. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Nígbà tí kòkòrò kan náà kọlu oko ẹ̀gẹ́ ní Táílándì ní 2008, láti orílẹ̀-èdè Benin, lágbo ilé wa níbí, ni wọ́n ti kó agbọ́n náà lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo sọ fún àwọn ìyá wọ̀nyẹn pé agbọ́n tó gba ẹ̀gẹ́ wọn là gba ìlú tí kò jìnnà sí tèmi kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ọmọ ìlú agbọ́n. Kò sí oyè tí wọ́n fi dá mi lọ́lá tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Ìyá mi kú ní 2010. Nkhata Bay ni mo wà. Ọjọ́ kẹta ni mo tó délé, wọ́n ti sin ín. Mi ò lè kọ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Mo padà wálé pátápátá ní 2014, Ọbáńtokò ni mò ń gbé. Àbúrò ìyá mi ló ń lo àpáta náà báyìí. Nǹkan ti ń yí padà ní ìdí iṣẹ́ yìí, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ń rí láfún tí wọ́n sá sí etí títì, tí eruku àti èéfín ọkọ̀ ajagbé ń bà lé. Mo ń rí èyí tí wọ́n sáré yọ nínú omi nítorí ọjà. Mo mọ̀ pé epo ọkọ̀ wọ́n, mo mọ̀ pé owó ilé ìwé ọmọ kì í dúró de ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò sì lọ dúró lé ẹnikẹ́ni lórí pẹ̀lú pátákó. Ìgò ni mo kó dání, mo sì ń béèrè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí àbúrò ìyá mi. Mo bọ́ bàtà mi sísàlẹ̀ àpáta. Ó wà nídìí àgbá, ó ń bá obìnrin kan tó wá ra ọjà sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ń kánjú, ọkọ̀ ń dúró dè é lójú títì, ó ní òun á gba èyí tó bá wà. Àbúrò ìyá mi yíjú sí mi.

"Dókítà, ìwọ lo ka ìwé rẹ̀. Ó ti tó àbí kò tíì tó?"

Mo ká apá aṣọ mi, mo ti ọwọ́ bọ omi. Omi náà tutù, ó ń yọ̀. Mo mú ẹyọ kan, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Òde rẹ̀ rọ̀. Àárín rẹ̀ ṣì le bí eegun ẹja.

Mo ní, "Kò tíì tó, Mà."

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo kàn ní kí n bi ọ́ ni."

Ó gba ẹ̀gẹ́ náà lọ́wọ́ mi, ó dá a padà sínú omi, ó gbé ọmọrí dé àgbá, ó sì gbé òkúta lé e. Ó ní kí obìnrin náà padà wá lọ́tunla.